Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ọkọ̀ Alága

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ṣùkúrù Fàsásì kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ lórí ìdúró. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun bá wà ní ìdúró. Bí ó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wá àga.

Ọdún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì ni. Sójà ló ń ṣèjọba, igbó Kétu ṣì pọ̀ ju ilé ibẹ̀ lọ, àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ Mile 12 di ọjà ni. Fàsásì ni adelé alága Ìgbìmọ̀ Ìtẹ̀síwájú Kétu, Ìkòsì àti Agbègbè Wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé "adelé" yẹn, nítorí òun náà kò gbàgbé rẹ̀ rí. Ó ń dùn ún bí egbò tí bàtà ń ha. Ó ti ní kí wọ́n pa á rẹ́ lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ó ti kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ìjọba kò yéé pè é bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí wọ́n sọ òun di alága gidi, kí wọ́n sì gbé mọ́tò dúdú tó ń bá ipò náà rìn wá sí ẹnu ọ̀nà òun.

Ìròyìn wá dé pé ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ tẹ ohun tó ń wá. Mejọ kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wo ìdíje ọkọ̀ títù láti èbúté Kétu dé Agbóyì. Ẹgbẹ́ tó bá borí yóò gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun. Ní Agbóyì níbi tí ìdíje bá parí sí, lórí pèpéle, lójú gbogbo ayé, ni Mejọ yóò ti kéde alága gidi. Ta ni ìbá tún kéde bí kò ṣe Fàsásì? Ọjọ́ tó gbọ́ ìròyìn náà, jíjókòó ló fi gbogbo ọjọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun náà sì ni ta ni yóò ṣíwájú. Ẹnu omi Kétu há. Ọkọ̀ méjì kò lè gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ńṣe ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jáde ti rí omi tútù níwájú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú àjẹ̀ kan wá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sílẹ̀, ìyá àgbà kan á kọ ẹ̀yìn sí i, á sì máa fà á yọ níkọ̀ọ̀kan. Bí àjẹ̀ bá ṣe yọ ni ọkọ̀ ṣe ń tò. Kò sí ẹni tó ń bínú, nítorí ìyá náà kò mọ àjẹ̀ ẹni tó wà lọ́wọ́ òun.

Fàsásì gbọ́ àṣà yìí, ó sì rẹ́rìn-ín àánú.

"Ìyá tó kọ ẹ̀yìn," ni ó wí. "Èmi, tí mo ní tábìlì, tí mo ní fáànù, kí n wá fi ọ̀ràn ìjọba lé ẹ̀yìn ìyá arúgbó lọ́wọ́. Láti òní lọ, ọ́fíìsì mi ni yóò máa to ọkọ̀, ìlànà ìgbàlódé la ó sì fi tò ó. Ẹgbẹ́ tó bá mọ iyì aṣáájú jù ni yóò ṣíwájú. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa fẹnu gba omi tí àwọn ará iwájú bá ta sẹ́yìn."

"Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní yunifásítì, Ọ̀gá mi," ni akọ̀wé rẹ̀ wí.

"Yunifásítì wo?"

"Èyíkéyìí, sà. Kí wọ́n ṣáà ti lọ́gbọ́n níbẹ̀."

Elkanah Ògúntúndé ni akọ̀wé yìí ń jẹ́, ọmọ ilẹ̀ òkè tó wá jẹun l'Ékòó. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì: ó ń kọ ohun tí Alága bá sọ, ó sì ń mi orí sí i kí Alága tó sọ ọ́. Iṣẹ́ kejì yìí ló fi ń jẹun.

Bí àwọn atukọ̀ ṣe ya lu pálọ̀ Fàsásì nìyẹn. Ìkòsì ló kọ́kọ́ dé. Ràímì, olórí wọn, ti dọ̀bálẹ̀ láti géètì, àyà ló fi wọ́ wọlé. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí Alága, Odò Ògùn dúró sójú kan, kò ṣàn títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

"O rí i?" ni Fàsásì bi í.

"Wọn ò tí ì bí mi, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo odò náà lónìí. Bó bá ti ń sún mọ́ Kétu, á rọra."

Salaudeen, olórí àwọn ará Alápẹ̀rẹ̀, sọ pé àtìgbà tí Alága ti gorí àga, ẹja kì í dúró de àwọ̀n mọ́, ńṣe ni wọ́n ń béèrè ọ̀nà èbúté. Ọláìyá, olórí ẹgbẹ́ Kétu, ló tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Fàsásì ni, ó mọ ilé náà dáadáa. Ńṣe ló wo ojú Alága, tó bú sẹ́kún, ó ní ojú náà ti pọ̀ jù fún òun. Àwọn ará Sangisa ló kẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Sangisa ò lómi. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ títù, ọmọrogùn ni wọ́n sì fi ń wa afẹ́fẹ́. Rahmon, olórí wọn, kí Alága ní ìkíni kúkúrú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn sọ fún ìjọba nípa ilẹ̀ baba wọn tí ìjọba ti gbà. Fàsásì yán.

Ṣé ẹ rò pé ó tò wọ́n lọ́jọ́ náà? Ta ló ń jẹ oyin tó ń yára gbé e mì? Ó ní ọ̀ràn náà jinlẹ̀, kí gbogbo wọn padà wá lọ́la kí wọ́n tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lójoojúmọ́, tí Odò Ògùn ń pẹ́ sí i ní ìdúró.

Níbi tí ìyìn ti ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn obìnrin méjì wọlé láti Agbóyì, Ajarat àti Suwebat. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin yìí ń fi ọwọ́ ara wọn tu ọkọ̀ ẹ̀fọ́ wá sí Kétu, lọ́jọ́ tí omi bá sì ṣorí kunkun, ẹ̀fọ́ á ti rọ kó tó dé ọjà. Wọ́n kúnlẹ̀.

"Daddy, ẹ kú iṣẹ́ ìlú," ni Ajarat wí. "Àwa obìnrin náà fẹ́ díje. Ẹ bá wa wá ibì kan fún wa. Ẹ̀yìn pátápátá náà ò burú."

"Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ètò ìjọba ni mò ń ṣe níbí. Bí mo bá fi obìnrin sí i, kí ni Mejọ yóò pè mí?"

"Wọ́n á pè yín ní Alága, Daddy."

Èyí dùn mọ́ ọn, ó sì fẹ̀yìn ti àga kí ó lè dùn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbọn orí pé rárá. "Ẹ ò sí nínú ètò mi. Ètò mi ò kàn yín, òfin mi ò kàn yín. Ẹ máa tu ẹ̀fọ́ yín lọ."

"Òfin yín ò kàn wá, Daddy?"

"Kò kàn yín rárá. Akọ̀wé, sìn wọ́n jáde."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Suwebat pòṣé títí wọ́n fi dé etí omi. Ajarat kò pòṣé ní tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà lọ tún ọkọ̀ ṣe.

Nígbà tó yá, ìyìn wá gun Fàsásì lórí pátápátá. Ó rántí pé nígbà Fẹ́sítáàkì òun rí àwọn ẹni ńlá tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ agbòòrùn, tí wọ́n ń ya wọ́n ní fọ́tò. Ó wá ro bí yóò ti rí bí òun bá dé Agbóyì nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, tí gbogbo ọkọ̀ yòókù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, tí Mejọ dìde dúró láti pàdé òun. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo ìlú sí èbúté, ó gba gbohùngbohùn.

"Èmi fúnra mi ni yóò ṣíwájú," ni ó wí. "Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò gbé mi, èmi àti àga mi. Nítorí pé baba kì í bá ọmọ rẹ̀ du ẹran, ẹgbẹ́ tó bá gbé mi kò ní díje fún ẹ́ńjìnnì, ọlá tó wà níbẹ̀ ti tó wọn. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá wà nínú ètò kò gbọdọ̀ kọjá ọkọ̀ Alága. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá, kò ní já ẹrù ní èbúté yìí mọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti sọ̀rọ̀, sà," ni Elkanah wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá wo pálọ̀ náà. Àwọn tó ń jìjàdù àtiṣíwájú lánàá ti di onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn. Ràímì ní ikọ́ ń ṣe àwọn ọmọ Ìkòsì, pé kò bójú mu kí ènìyàn máa húkọ́ sí ẹni ńlá lára. Salaudeen ní ọkọ̀ Alápẹ̀rẹ̀ ń jò, omi tó sì ń wọ inú rẹ̀ kì í ṣe irú omi tó yẹ ẹsẹ̀ Alága. Ọláìyá tún bú sẹ́kún, ẹkún náà sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ẹni tó bá ń tu ọkọ̀, iwájú ló ń kọjú sí, Alága á sì wà lẹ́yìn. Báwo ni àna yóò ṣe kọ ẹ̀yìn sí àna rẹ̀ láti Kétu títí dé Agbóyì?

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ògo mi," ni Fàsásì wí fún akọ̀wé rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ọ̀rọ̀ Ọláìyá sì wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, a kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹni ńlá. Àwọn tó bá tù mí, ọ̀dọ̀ mi ni kí wọ́n kọjú sí."

Ràímì tó wà nílẹ̀ gbé orí sókè. "Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ, sà?"

"Ṣé ibi tí wọ́n ń lọ ló jù mí lọ ni?"

Elkanah nìkan ló mi orí.

Rahmon àti àwọn ará Sangisa ni ọlá náà já lé lórí. Wọn ò ní ìrètí ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, Rahmon sì rò pé bí òun bá gbé Alága dé ọ̀dọ̀ Mejọ, bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn á wọ̀ ọ́ létí lójú ọ̀nà. Sangisa ló wà níwájú, Ìkòsì tẹ̀lé e, Alápẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e, Kétu ló kẹ́yìn. Bí Alága ṣe to ọkọ̀ nìyẹn, ó sì ní ọgbọ́n orí òun ló jáde.

Ọjọ́ ìdíje pé. Elkanah ti lọ sí Agbóyì láti gba Mejọ lálejò. Ní Kétu, omi kún dé ẹnu èbúté, gbogbo ọkọ̀ ti tò, ó kù kí wọ́n lọ. Fàsásì wá ní kí òun sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ànábì Núhà. Ó ní ọkọ̀ tí Núhà kàn dára o, àmọ́ kò ní ìgbìmọ̀. Ó ti ibẹ̀ bọ́ sí orí àwọn òyìnbó, ó bọ́ sí orí Fẹ́sítáàkì, ó wá dé orí ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wá rí ààyè nasẹ̀ dáadáa. Àmọ́ omi kì í gbọ́ gírámà. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni omi ń fà.

"Omi ti ń fà o," ni Ràímì sọ sí Salaudeen létí.

"Lọ sọ fún un."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lọ sọ fún un."

Kò sí ẹni tó lọ. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún ènìyàn pé odò dúró nítorí rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wá sọ fún un pé odò ń lọ?

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Sangisa, wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, wọ́n na agbòòrùn lé e lórí. Àwọn atukọ̀ jókòó, wọ́n kọjú sí i, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Agbóyì. Wọ́n ń tì í bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí, wọ́n sì ń kọrin sókè kí ó lè dùn mọ́ Alága. Lẹ́yìn wọn, Ìkòsì, Alápẹ̀rẹ̀ àti Kétu ń rọra tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fi àjẹ̀ kan omi bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nínú gbogbo ọkọ̀ iwájú yẹn, Fàsásì nìkan ló ń rí ọ̀nà.

Ó sì rí i lóòótọ́. Níbi tí omi gbé yà sí apá òsì, ó rí àwọn ọkùnrin tó ń wá akàn. Omi ò ju kókósẹ̀ wọn lọ. Wọ́n ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń ké pé kí wọ́n padà, pé ẹrẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orin àwọn ará Sangisa ti bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Fàsásì wo ọwọ́ tí wọ́n ń jù, inú rẹ̀ dùn. Ó ju tirẹ̀ padà sí wọn.

"Ẹ yà sí òsì," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ̀kúnnù rí mi dáadáa."

"Ọ̀gá, ṣé ọ̀nà mọ́ lẹ́yìn wa?" ni Rahmon béèrè.

"Àwọn olólùfẹ́ mi ló kún ibẹ̀."

Wọ́n yà. Ọkọ̀ náà rìn díẹ̀, ó rọra mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹrẹ̀. Àwọn atukọ̀ fi àjẹ̀ tì í títí, kò mì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá akàn sún mọ́ wọn. Ó ní, "Bàbá, a ní kẹ́ ẹ padà, ẹ wá ń juwọ́ sí wa."

Fàsásì ní kí wọ́n má ṣe fòyà. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ń fòyà, nítorí Mejọ wà ní Agbóyì, sójà kì í sì í pẹ́ níbì kan. Ó wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró gbọn-in. Omi ṣì jìn lápá ọ̀tún, ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu, ẹnikẹ́ni ò gbà á.

"Ràímì," ni ó pè, "kọjá, lọ sọ fún Mejọ pé mo ń bọ̀."

Ràímì ṣí fìlà. "Kí n kọjá yín, Ọ̀gá Alága? Kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ mi?"

"Mo ní kí o kọjá. Mo fagi lé òfin náà."

"Èbúté là ń jẹ, sà," ni Salaudeen wí láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. "Gbogbo ìlú ló gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣe òfin yẹn. Ẹnikẹ́ni ò sí níbí tó máa jẹ́rìí pé ẹ fagi lé e."

"Ẹ̀ ń dán wa wò ni, sà," ni Ọláìyá wí, ó sì ń nu ojú tó gbẹ táútáú. "A mọ̀ yín. A ò ní ṣubú sínú ìdánwò."

Wọ́n gbé gàrí jáde, wọ́n bu omi sí i, wọ́n ń mu ún pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá bi mí bóyá ọ̀wọ̀ ni àbí ìkà, màá ní kí ẹ lọ bi àwọn tó fi àyà wọ́ láti géètì.

Ibi tí wọ́n ti ń mu gàrí ni ọkọ̀ kan ti yọ láti ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin Agbóyì ni. Ajarat ló wà níwájú, Suwebat ló wà ní ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ wọn sì ń wọ omi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọjá Kétu, wọ́n kọjá Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n kọjá Ìkòsì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ Alága, wọ́n gbé àjẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Daddy."

"Ajarat, ọmọ mi," ni Fàsásì wí, ohùn rẹ̀ sì ti tinrín, "ẹ gbé mi. Ẹ bá mi débẹ̀."

"Àwa ì bá gbé yín, Daddy. Àmọ́ bí a bá gbé yín, a ti wọ inú ètò nìyẹn, a ò sì ní lè kọjá ọkọ̀ yín mọ́."

Wọ́n gbé àjẹ̀ wọn, wọ́n lọ.

Ní Agbóyì, oòrùn ti pa Mejọ dé ọpọlọ. Elkanah ń fi fìlà fẹ́ ẹ, ó ń sọ pé Alága ti dé tán. Bí ọkọ̀ àwọn obìnrin náà ti forí kan èbúté, Mejọ dìde.

"Ọkọ̀ yìí ló kọ́kọ́ dé?"

"Òun ni, sà," ni Ajarat wí.

"Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ó parí. Alága dà?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn, sà. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń bọ̀wọ̀ fún wọn lọ́wọ́."

Mejọ wo aago. "Ìjọba ní kí n wá fi ẹni tó ṣètò nǹkan yìí jẹ alága. Mi ò lè sùn síbí. Ta ló ṣètò rẹ̀?"

Elkanah wo ojú omi, kò rí agbòòrùn kankan. Ó ro gbogbo ọdún tó ti fi mi orí, bí ọrùn ṣe ń ro òun lálaalẹ́, bí kò ṣe sí ẹni tó tíì béèrè èrò òun rí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni alága. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Kí àtẹ́wọ́ tó lọ sílẹ̀, Mejọ ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé ẹ́ńjìnnì wọn, wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ẹ̀fọ́ ń dúró de àwọn lóko. Àwọn èrò yòókù ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà níwájú pèpéle láti kí alága tuntun. Elkanah wá àga, ó jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fàsásì tó yọ. Ẹsẹ̀ ló fi gba inú ẹrẹ̀ wá, agbádá rẹ̀ ti di aṣọ amọ̀kòkò, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù. Rahmon àti àwọn ará Sangisa gbé àga rẹ̀ tẹ̀lé e. Létí omi lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rọra bọ̀, bó bá dúró kí ó mí, wọ́n á dúró, bó bá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á kan omi lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Fàsásì wo ẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún òun, ìyẹn sì tù ú nínú díẹ̀. Ó ní bóyá Mejọ ṣì wà níbẹ̀, bóyá orúkọ òun ni wọ́n ti pè.

Ó bi obìnrin kan létí èbúté pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà ní alága tuntun ni wọ́n ń kí, Ọ̀gbẹ́ni Elkanah, akọ̀wé àná.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn atukọ̀. Ràímì ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Salaudeen tẹ̀lé e, Ọláìyá tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe omi bó ti ń sáré. Rahmon náà gbé àga sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ò lè dúró. Gbogbo wọn, láti Ìkòsì dé Sangisa, wọ́n kọjá Fàsásì lápá ọ̀tún, wọ́n kọjá rẹ̀ lápá òsì, kò sí ẹni tó ní ẹ jọ̀ọ́.

Fàsásì dúró ti àga rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wo bí ìlà náà ṣe ń gùn sí i. Lẹ́yìn náà ó ká agbádá rẹ̀ sókè dé orúnkún, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kí ààyè iwájú tó tán.